Lẹ́tà àtijọ́ «jnya» ti ìlànà ìkọ̀wé Bali: ṣé ó yẹ kí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode?

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń bá àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tí yóò gba ìlànà ìkọ̀wé àwọn ará Bali, erékùṣù kan ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, mo sì ti dé ibi tí mi ò ti mọ ohun tí ó kàn. Unicode, ìyẹn ìlànà tí ó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà kí kọ̀ǹpútà kan lè mọ ohun tí kọ̀ǹpútà kejì fi ránṣẹ́, ya àyè 128 sọ́tọ̀ fún ìlànà ìkọ̀wé yìí, láti 1B00 títí dé 1B7F (ìkà kọ̀ǹpútà ni, tí ó ń fi lẹ́tà A dé F kún 0 dé 9). Ọdún 2006 ni wọ́n gbà á wọlé, nínú ẹ̀dà 5.0, pẹ̀lú àmì 121. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ nígbà tí ó di ọdún 2021, nínú ẹ̀dà 14.0, wọ́n fi àmì mẹ́ta kún un, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n fi sí àyè 1B4C, tí wọ́n pè ní «jnya» àtijọ́.

Ohun tí kò yé mi rèé. Lẹ́tà «ja» ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ní 1B1A. «Nya» ti wà ní 1B1C. Àmì tí ń so kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, tí wọ́n ń pè ní adeg-adeg, ti wà ní 1B44. Ẹni tí ó bá tẹ «ja», tí ó tẹ adeg-adeg, tí ó sì fi «nya» tẹ̀ lé e, ti kọ «jnya» tán. Kí ló wá dé tí wọ́n tún wá nọ́ńbà mìíràn fún ohun tí a ti lè kọ tẹ́lẹ̀? Àwa tí à ń kọ Yorùbá, «ẹ́» wa tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní àmì nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo títí di òní. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ di ẹjọ́ o. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀, nítorí pé ohun tí ó bá dá mi lójú ni n ó fi ṣe fọ́ǹtì náà.

Ìyá Ìwé

Àrẹ̀mú, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè rẹ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà tán. Orí kíbọọ̀dù ni o ti bẹ̀rẹ̀; jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé.

Orí ewé ni àwọn ará Bali ti kọ ìwé wọn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún: ewé lontar, láti ara igi kan tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ọ̀pẹ. Ọ̀bẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pangrupak ni wọ́n fi ń fín lẹ́tà sára ewé náà. Bí wọ́n bá fín in tán, kò tíì hàn dáadáa, àfi ìgbà tí wọ́n bá fi kóró kemiri tí wọ́n ti jó dúdú pa á lára, tí dúdú náà sì wọ inú ojú ọ̀bẹ. Ilé ìkówèésí Gedong Kirtya ní ìlú Singaraja, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, kún fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èdè Bali nìkan ni ó wà nínú wọn. Èdè Kawi, ìyẹn èdè Java àtijọ́, wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Sanskrit sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ṣe pọ̀ nínú èdè Haúsá.

Nínú ìlànà ìkọ̀wé yìí, kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan ti gbé fáwẹ̀lì «a» dání. Bí o bá kọ «ja», o ò tún ní í wá «a» kiri. Bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá wá pàdé láìsí fáwẹ̀lì láàárín wọn, èkejì ni yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ èkíní ní ìrísí kékeré tí wọ́n ń pè ní gantungan, ìyẹn ohun tí a fi kọ́. Àwọn mìíràn a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀tún, ìyẹn sì ni gempelan. Adeg-adeg tí o tẹ̀ yẹn ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó gbé lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e kọ́ sábẹ́. Nítorí náà, ohun tí o rí nígbà tí o tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni «ja» gbogbo, pẹ̀lú gantungan «nya» lábẹ́ rẹ̀. Ó tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé àtijọ́, lẹ́tà mìíràn wà fún ìró kan náà: ìrísí kan ṣoṣo tí ó dúró gedegbe, tí kò kọ́ ohunkóhun sábẹ́ ara rẹ̀, tí o kò sì lè tọ́ka sí apá kan nínú rẹ̀ kí o sọ pé «ja» nìyí, «nya» nìyẹn. Òun ni ó wà ní 1B4C.

Ọ̀gá Fọ́ǹtì

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìwé. Àlàyé yín dùn ún kà, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀, nítorí mo ti ṣe fọ́ǹtì fún ìlànà ìkọ̀wé àwọn ará Íńdíà rí, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí.

Ẹ wo Devanagari, èyí tí wọ́n fi ń kọ Hindi àti Sanskrit. Ìró «jña» wà níbẹ̀, ज्ञ ni wọ́n ń kọ. Ẹ bá mi wá «ja» (ज) nínú rẹ̀, ẹ bá mi wá «ña» (ञ). Ẹ ò lè rí wọn. Ìrísí náà ti kúrò lára àwọn òbí rẹ̀ pátápátá, àwọn ọmọ ilé-ìwé tilẹ̀ ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan. Síbẹ̀ Unicode kò fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń gbà: 091C, lẹ́yìn náà 094D, lẹ́yìn náà 091E. Fọ́ǹtì ni ó ń rí wọn, tí ó ń gbé ज्ञ jáde. Bí a bá wá sọ pé ìrísí tí kò jọ òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, a jẹ́ pé Devanagari náà ní ẹjọ́ láti rò.

Èrò tèmi ni pé nọ́ńbà wà fún ohun tí lẹ́tà jẹ́. Bí ó ṣe rí, iṣẹ́ fọ́ǹtì nìyẹn. Bí a bá pa èyí pọ̀, gbogbo ọ̀nà tí akọ̀wé kan gbà yí ọwọ́ ní ìlú rẹ̀ ni yóò máa béèrè fún àyè.

Ìyá Ìwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi ọwọ́ kan ibi tí ó ń dùn mí gan-an, nítorí pé àpẹẹrẹ Devanagari yẹn ni èmi náà kọ́kọ́ rò. N kò sọ pé àìjọ-òbí ni ìdí tí lẹ́tà yìí fi gba nọ́ńbà. Ìdí rẹ̀ ni pé ààyè tí ẹ fẹ́ fi í sí ti ní onílé.

Nínú Devanagari, tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, ज्ञ ni gbogbo ayé ń retí. Kò sí ìrísí kejì tí ó ń bá a du àga. Ní Bali, láti 2006 ni «ja» pẹ̀lú adeg-adeg àti «nya» ti ní ìrísí tí ó ń gbé jáde, ìrísí náà sì wà láàyè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà «yadnya», ìyẹn ẹbọ, tí kò sí ọjọ́ kan tí ẹnu ará Bali kì í pè é, nítorí pé oríṣi ẹbọ márùn-ún ni ẹ̀sìn wọn dá mọ̀: ti àwọn òrìṣà, ti àwọn baba ńlá, ti àwọn àlùfáà, ti ènìyàn, àti ti àwọn ẹ̀mí ìsàlẹ̀. Láti inú «yajña» ti Sanskrit ni ó ti wá. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà ABD kọ ọ́, «dny» ni ẹ ó rí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ń pè é. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́, «ya» ni wọ́n ń kọ, wọn a wá kọ «ja», wọn a sì kọ́ «nya» sábẹ́ rẹ̀: ᬬᬚ᭄ᬜ. Bí fọ́ǹtì yín bá wá ń sọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn di lẹ́tà àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré ń kà lójú pátákó lónìí yóò yí padà di ohun tí àwọn tí ń ka ewé àtijọ́ nìkan mọ̀. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, níbo ni ẹni tí ń da ìwé àtijọ́ kọ yóò ti rí lẹ́tà tí ó wà níwájú rẹ̀?

Ẹ lè sọ pé kí ó lo fọ́ǹtì méjì. Ṣé ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀? Ní ọjọ́ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ nínú ímeèlì, fọ́ǹtì yóò dúró nílé, nọ́ńbà nìkan ni yóò rin ìrìn àjò. Ẹni tí ó gbà á kò ní mọ̀ láé pé lẹ́tà mìíràn ni ó wà lórí ewé.

Àti pé Bali nìkan kọ́. Ìlànà ìkọ̀wé Java, tí ó wọ Unicode ní 2009, ní lẹ́tà tí ó ti inú «jnya» yìí kan náà wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni «nya murda». Ìlànà ìkọ̀wé Kawi, tí ó jẹ́ ìyá fún ti Java àti ti Bali, wọlé ní 2022, lẹ́tà «jnya» sì wà nínú tirẹ̀. Bali nìkan ni ìbá ṣẹ́kù láàárín ẹbí náà tí kò ní ọ̀nà láti kọ ọ́.

Ọ̀gá Fọ́ǹtì

Mo gba ti «yadnya» yẹn. N kò mọ̀ pé ìrísí gantungan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo rò pé àtijọ́ àti òde òní ń sọ ohun kan náà ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí méjèèjì bá lè pàdé lórí ojú ewé kan, tí òǹkàwé sì gbọ́dọ̀ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, a jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ni. Mo ṣì rò pé ó yẹ kí a máa ṣọ́ra, àmọ́ n kò ní bá yín jà lórí èyí.

Dàda Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Àrẹ̀mú sọ̀rọ̀ nípa «ẹ́» ti Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Mo lọ wo àwòrán àyè 1B00 yẹn fúnra mi. Mo rí i pé àwọn ará Bali ní «akara», ìyẹn lẹ́tà fáwẹ̀lì «a», ní 1B05, wọ́n tún ní «akara tedung» ní 1B06, bẹ́ẹ̀ tedung náà, àmì tí ń fa fáwẹ̀lì gùn, wà lọ́tọ̀ ní 1B35. Ṣé ìyẹn kọ́ ni «a» àti àmì rẹ̀ tí a so pọ̀ tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà? Kí ló dé tí tiwọn ṣeé ṣe tí tiwa kò fi ṣeé ṣe?

Ọ̀gá Fọ́ǹtì

Ojú rẹ mú, Dàda. Ohun tí o rí yẹn jẹ́ òtítọ́, kì í sì í ṣe akara tedung nìkan. Àmì 11 ni ó wà nínú ìlànà ìkọ̀wé Bali tí Unicode fúnra rẹ̀ sọ pé a lè tú sí méjì, tedung ni ó sì jẹ́ apá kejì nínú gbogbo wọn. Unicode kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1B06 àti «1B05 tí 1B35 tẹ̀ lé» jẹ́ ohun kan náà láìkù síbì kan, tí ó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìyàtọ̀ kankan sáàárín wọn.

Ìdí tí tiwọn fi ṣeé ṣe ni pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn wọlé. Àsopọ̀ àti àwọn apá rẹ̀ jọ dé ní 2006. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n ti fi nọ́ńbà Unicode wọn kọ tẹ́lẹ̀ tí ó lè bàjẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. «ẹ» ti wà ní 1EB9, àmì ohùn òkè ti wà ní 0301, àwọn ènìyàn sì ti ń fi méjèèjì kọ «ẹ́» kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa àsopọ̀ fún un. Unicode ti ṣe ìlérí pé ọ̀rọ̀ tí a bá ti kó jọ ní ìrísí kan láti ìgbà ẹ̀dà 3.1, ní 2001, kò gbọdọ̀ yí padà nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé. Bí wọ́n bá fún «ẹ́» ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lónìí, tí wọ́n sì sọ pé ó dọ́gba pẹ̀lú méjì àtijọ́, ìlérí náà já. Bí wọ́n bá sọ pé kò dọ́gba, «ẹ́» méjì ni yóò wà nínú ayé, ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ kò ní rí èyí tí a fi èkejì kọ. Nítorí náà, má ṣe gbà á sí ẹ̀tanú.

Ibi tí jnya ti yàtọ̀ sí akara tedung ni pé jnya kò ṣeé tú. Unicode kò sọ níbi kankan pé 1B4C dọ́gba pẹ̀lú 1B1A, 1B44 àti 1B1C. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹbí láàárín wọn.

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti ń yé mi. Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá, ohun tí mo rí sì ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Mo tẹ 1B4C nìkan sínú fóònù mi àtijọ́. Àpótí òfìfo ni mo rí. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé fọ́ǹtì inú rẹ̀ ti wà kí lẹ́tà náà tó dé. Mo wá gbé fọ́ǹtì tiwa lọ sórí kọ̀ǹpútà tí ohun èlò rẹ̀ ti pẹ́, lẹ́tà náà hàn kedere, mo sì yọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fi ulu, àmì fáwẹ̀lì «i», sí i lórí, ulu náà kọ̀ láti jókòó: ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì gun orí òbìrí kékeré kan tí wọ́n fi àmì tó-tò-tó yà, èyí tí n kò tẹ̀ rárá. Mo rò pé fọ́ǹtì wa ni ó ní àléébù, mo fi wákàtí mẹ́ta wá a kiri inú rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń to lẹ́tà ni. Kí ó tó gbé fáwẹ̀lì lé lẹ́tà lórí, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kọ́ńsónáǹtì ni lẹ́tà náà, inú àkójọ Unicode ni ó sì ti ń mọ̀ ọ́n. Àkójọ tí ó wà nínú rẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀dà 14.0. Lójú rẹ̀, kò sí ohun tí ó ń jẹ́ 1B4C, kò sì sí bí fáwẹ̀lì ṣe lè jókòó lórí ohun tí kò sí. Nígbà tí mo dán an wò lórí ẹ̀rọ tuntun, ulu jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyá Ìwé

Pẹ̀lẹ́ o. Wákàtí mẹ́ta yẹn kò ṣòfò, ó kéré tán o ti bá wa mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nípa bí àwọn ará Bali ṣe dé ibi tí wọ́n wà yìí, nítorí pé ó jọ tiwa ju bí a ṣe rò lọ. Kí Unicode tó gbà wọ́n, fọ́ǹtì kan tí ó ń jẹ́ Bali Simbar ni wọ́n ń lò, èyí tí I Made Suatjana ṣe. Lábẹ́ fọ́ǹtì yẹn, lẹ́tà ABD lásán ni kọ̀ǹpútà rí. Fọ́ǹtì ni ó fi aṣọ Bali wọ̀ wọ́n. Bí o bá yí fọ́ǹtì padà, ìwé rẹ di jágbajàgba. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé Yorùbá tí wọ́n fi irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ tẹ̀, tí gbogbo «ọ» inú rẹ̀ sì di àmì owó tàbí àmì ìdánudúró nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé Suatjana yìí kan náà ni òun àti Michael Everson, onímọ̀ nípa ìlànà ìkọ̀wé, jọ kọ ìwé àbá tí wọ́n gbé síwájú àwọn tí ń ṣètò nọ́ńbà ní 2005, tí ìlànà ìkọ̀wé náà fi wọlé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó dá ọgbọ́n àkọ́kọ́ náà ni ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Láti 2018 ni gómìnà Bali ti pàṣẹ, nínú òfin rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ńbà 80 ti ọdún náà, pé kí wọ́n fi lẹ́tà ìbílẹ̀ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba, òpópónà àti àwọn ilé mìíràn bẹ́ẹ̀, kí ó sì wà lókè lẹ́tà ABD. Kò sí ẹni tí yóò kọ jnya àtijọ́ sójú pátákó. Àmọ́ òfin yẹn ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wá fọ́ǹtì tí ó pé, àwọn tí ń da lontar kọ sórí kọ̀ǹpútà sì ń jẹ nínú àǹfààní rẹ̀.

Àrẹ̀mú Atẹ̀wé

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo tí ó kù ni ti wíwá ọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún wa fẹ́ kí ẹni tí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ ní ìrísí òde òní lè rí i nínú ìwé tí wọ́n fi jnya àtijọ́ kọ. Bí kò bá sí ẹbí láàárín wọn lójú kọ̀ǹpútà, báwo ni yóò ṣe rí i?

Ọ̀gá Fọ́ǹtì

Ìwọ ni yóò fi ẹbí sáàárín wọn. Ṣe àtẹ kékeré kan fún wíwá nìkan. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń wá nǹkan, kí ètò náà sọ gbogbo 1B4C tí ó bá pàdé di 1B1A, 1B44, 1B1C nínú ọkàn rẹ̀, kí ó tó fi wọ́n wéra. Ọ̀nà kan ni kí ó máa gbà o. Má ṣe jẹ́ kí ó sọ mẹ́ta di ọ̀kan, nítorí pé o kò mọ èyí tí akọ̀wé kọ. Àti pé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má ṣe fi èsì rẹ̀ pamọ́ sórí ìwé gangan. Ìwé tí o bá tọ́jú gbọ́dọ̀ wà bí ewé ṣe wà.

Wo ti títò náà pẹ̀lú. Bí o bá jẹ́ kí nọ́ńbà máa to ọ̀rọ̀, jnya yóò bọ́ sí ẹ̀yìn «ha», àní sí ẹ̀yìn àwọn lẹ́tà méje tí wọ́n ṣe fún èdè Sasak ti erékùṣù Lombok, nítorí pé àyè tí ó ṣófo ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀gbẹ́ «ja» ni ó yẹ kí ó wà. Bí àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún yín bá sì fẹ́ ètò «ha na ca ra ka» tí ọmọ ilé-ìwé Bali ń kọ́, dípò ètò Íńdíà tí Unicode lò, ìyẹn tún jẹ́ àtẹ mìíràn.

Dàda Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, mo ka àyè náà. Ní 2024, nínú ẹ̀dà 16.0, wọ́n tún fi àmì ìdánudúró mẹ́ta kún un, nítorí náà 127 ni ó ti kún nínú 128. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ṣófo, 1B4D, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jnya gan-an. Ta ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún?

Ìyá Ìwé

Wọn kò tọ́jú rẹ̀ fún ẹnì kan, Dàda. Ẹni tí ó bá ṣí ewé kan tí ó rí lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀, tí ó sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, òun ni ó lè béèrè fún un. Àrẹ̀mú, bí fọ́ǹtì náà bá ti ṣetán, bá mi fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́. Mo ní ojú ìwé méjì tí mo fẹ́ fi dán an wò.